Owó Onírin Tí Ó Ṣọ̀wọ́n Jù Lọ ní Ìpájà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí ọmọ àbúrò mi, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá, ṣí ìwé kan sílẹ̀ níwájú mi nínú ilé wa ní Ìpájà. Ìwé náà kì í ṣe ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀rá pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ ojú ewé rẹ̀, ó sì kọ orúkọ orílẹ̀-èdè kan sábẹ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń wá ni owó onírin, èyí tí àwọn èwe ìwòyí ń pè ní kọ́ìnì, ẹyọ kan ṣoṣo láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní gbogbo àgbáyé. Ó ti rí mọ́kànlélógún. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gánà, Jámánì, Íńdíà, Ṣáínà àti Saudi Arabia. Ṣùgbọ́n ọ̀rá àkọ́kọ́ lójú ewé kìíní, èyí tí ó kọ Nàìjíríà sí lábẹ́, òfìfo ni.

“Dádì Ìpájà,” ni ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ àwọn àbúrò mi ń pè mí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ti Nàìjíríà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó ti rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó gbà wá. Ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ó hàn sí mi kedere pé ọ̀rọ̀ náà ju eré ọmọdé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọmọ tí kò wọ bàálù rí ṣe rí owó orílẹ̀-èdè mọ́kànlélógún láìkúrò ní Alímọ́ṣọ́. Ìpájà kì í ṣe ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ òkèèrè ń yà sí. Síbẹ̀, láti Bárúwà dé Àyọ̀bọ̀, láti Gowon Estate dé Abẹ́sàn, agbára káká ni a fi lè rí òpópónà kan tí kò ní ọmọ ní òkè òkun. Bí àwọn wọ̀nyí bá wálé, owó bébà tí ó kù lápò wọn ni wọ́n ń kó tọ àwọn tí ń ṣẹ́ dọ́là lọ. Àwọn tí ń ṣẹ́ dọ́là kì í sì í gba owó onírin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ibi tí owó onírin bá bá wọn dé náà ni ó ń wà: inú agolo, inú àpò ẹ̀wù òtútù, tàbí ìsàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Alhaji tí ó ti Mẹ́kà dé ní hálálà nílé. Ẹni tí ó lọ sí Jerúsálẹ́mù ní ṣékélì. Obìnrin tí ń lọ kó ọjà ní Guangzhou ní owó onírin ilẹ̀ Ṣáínà nínú báàgì rẹ̀. Ọmọ yìí kàn ń ti ilé bọ́ sí ilé ni, ó ń kí àwọn àgbà, ó sì ń tọrọ ohun tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní.

Nínú ohun tí ó rí gbà ni pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì olóbìírí kan tí ìjọba ibẹ̀ ti dẹ́kun níná rẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, lẹ́yìn tí wọ́n gbé èyí tí ó ní igun méjìlá jáde. Ẹni tí ó fún un kò mọ̀ pé owó náà ti kú. Ó rò pé pọ́n-ùn kan gidi ni òun fi ta ọmọ lọ́rẹ.

Ìwé yìí kọ́ èmi náà ní ẹ̀kọ́. Orílẹ̀-èdè 193 ni ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní owó tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ná yúrò jọ ń lo owó kan náà, àmọ́ ojú kan lára owó onírin wọn dọ́gba, ojú kejì sì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó rọrùn láti mọ ti Jámánì yàtọ̀ sí ti Faransé. Ní ẹ̀bá ilé wa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni ó ń ná sẹ́fà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Bìní Olómìnira, Tógò, Niger, Burkina Faso, Mali, Senegal, Côte d'Ivoire àti Guinea-Bissau. Kò sí àmì tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lára owó onírin náà. Ẹja tí imú rẹ̀ dàbí ayùn ni ó wà lára rẹ̀, àwòrán tí wọ́n mú láti ara òṣùwọ̀n tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́. Ọmọ náà bi mí bóyá kí òun wá ẹyọ mẹ́jọ kan náà sí ojú mẹ́jọ. Mo ní kí ó fi ẹyọ kan síbẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ rántí sẹ́fà yìí, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí ó wá kan ti Nàìjíríà, ibùdókọ̀ Ìyànà Ìpájà ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo rò pé bí owó wẹ́wẹ́ bá wà níbì kan, ọwọ́ kọ̀ndọ́kítọ̀ ni yóò wà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà! Ta ló ń ná kọ́ìnì láyé yìí? Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ó fi na náírà 500 kan sí èmi àti obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, ó ní kí a jọ pín in nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wọ dáńfó ní Èkó mọ ìyà yìí. Àjèjì méjì á di ọ̀rẹ́ tipátipá lórí owó kan, wọn á jọ dúró lẹ́bàá títì tí wọ́n á máa wá ẹni tí yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Mo dé ọjà. Ìyá kan tí ń ta èròjà ọbẹ̀ sọ fún mi pé, “Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà níbí, ẹnikẹ́ni ò fi í ra nǹkan lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá tiẹ̀ fún mi, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?” Mo wọ ilé ìfowópamọ́ kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jókòó sídìí fèrèsé owó fi ìbọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé àwọn kò ní i. Mo bi í bóyá ó ti rí ọ̀kan rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní inú fọ́tò nìkan ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan ní òpópónà kejì sí tiwa ni ìrìn wa parí sí. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá.” Ìyá ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi. Ṣé kò sí?” Ọmọ ṣàlàyé ohun tí ó ń wá. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé agolo mílíìkì kan jáde tí ó fi ọ̀rá dì lẹ́nu. Ó da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí ẹní. Owó onírin Nàìjíríà ni, ó tó ogójì ẹyọ. Ó ní èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú owó tí òun fi ń ṣòwò àkàrà ni. Ó wá gbójú sókè wò mí, ó ní:

“Ṣé wọ́n tún ti ń gbà á ni?”

N kò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ìyá yìí kó owó rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń retí ọjọ́ tí yóò padà di owó.

Ìwé ìtàn ni Màmá dà sórí ẹní lọ́jọ́ náà. Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò òyìnbó ni ó sì ń kó o dé etíkun wa, nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí owó tí wọ́n fi ń ra ènìyàn lẹ́rú. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Títí di òní, bí a bá ní nǹkan pọ̀ ní ọ̀kẹ́ àìmọye, àpò owó ẹyọ ni a ń dárúkọ láìmọ̀.

Lẹ́yìn owó ẹyọ ni kọ́bọ̀ oníhò dé ní ọdún 1907. Lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bàbà, kọ́pà, ni ẹnu wa ti yọ kọ́bọ̀. Ihò tí ó wà láàárín rẹ̀ bá àṣà wa mu, nítorí ẹni tí ó ti mọ bí a ṣe ń sín owó ẹyọ sórí okùn kò ní í ṣòro fún láti sín kọ́bọ̀. Ní ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sierra Leone àti Gambia fi jọ ń ná owó kan náà. Ní ọdún 1959, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì ní owó onírin tí ó jẹ́ tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni ó wà lára rẹ̀. Tọ́rọ̀ tí ó ní igun méjìlá, èyí tí ọmọ náà kọ́kọ́ nawọ́ sí nínú agolo Màmá, ọmọ ọdún 1959 ni.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti sílè. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Sílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì sì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Àwọn àgbà kò yí ahọ́n wọn padà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì, tí wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní sílè. Ẹ wo àwòrán tí ó wà lára àwọn owó náà. Kòkó wà lára kọ́bọ̀ márùn-ún. Ọ̀pẹ wà lára kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ẹ̀pà wà lára kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kànga epo rọ̀bì wà lára kọ́bọ̀ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé ní ohun tí Nàìjíríà fi ń jẹun nígbà náà kò nílò ìwé. Kí ó tẹ́ owó mẹ́rin sórí tábìlì ni. Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún dùn mí: epo rọ̀bì tí ó padà gba gbogbo ilé ni wọ́n fi sára èyí tí ó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ọdún 1991, owó bébà kọ́bọ̀ àádọ́ta àti náírà kan di onírin. Orí Herbert Macaulay ni wọ́n fi sára náírà kan: ọmọ Èkó, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2007, báńkì àpapọ̀ tún gbé tuntun jáde: kọ́bọ̀ àádọ́ta, náírà kan àti náírà méjì. Macaulay tún wà lára náírà kan. Èyí ni ìgbà ìkẹyìn tí a gbọ́ ohùn owó onírin tuntun ní Nàìjíríà. Ọmọ náà kò bá ọ̀kankan nínú ti 2007 nínú agolo Màmá. Nígbà tí wọ́n fi gbé e jáde, ìyá àgbà ti mọ̀ pé kò yẹ ní ohun tí à ń kó pamọ́.

Kí ni ó pa á? Àwọn kan ní ọmọ Nàìjíríà kò fẹ́ràn owó tí ń wúwo lápò, pé ojú wa ti là ju kọ́ìnì lọ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tí ó kàwé, n kò sì gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí sẹ́fà. Ẹni tí ó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá dé Àjàṣẹ́, tàbí tí ó yà sí Pọ́bẹ̀, Sákẹ́tẹ́ tàbí Kétu, yóò bá àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ahọ́n kan náà, oúnjẹ kan náà. Owó onírin ni wọ́n fi ń ra ẹ̀kọ láàárọ̀. Owó onírin ni wọ́n fi ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wa ni ó kọ kọ́ìnì, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu kò kọ̀ ọ́?

Ohun tí ó pa á ni pé kò lè ra nǹkan kan. Ní ọdún 1973, náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Lónìí, dọ́là kan ju ẹgbẹ̀rún náírà lọ. Ní ọdún 2007 tí wọ́n gbé náírà méjì onírin jáde, náírà márùn-ún ni omi inú ọ̀rá kan. Owó tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ariwo, tí ó tóbi jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò lè ra omi tí ọmọdé yóò mu lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Òkú ọmọ ni wọ́n bí. Ó dùn mọ́ àwọn aláṣẹ láti dá ẹ̀bi fún aráàlú pé wọ́n kọ owó ìjọba, ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta ata kò kọ Macaulay. Ohun tí Macaulay yóò rà fún un ni kò sí.

N kò ní kí a máa yin sẹ́fà bí ọba. Yúrò ni wọ́n so ó mọ́, ọwọ́ ìjọba Faransé sì ti wà nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà ni ó ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣe é sẹ́: ibi tí owó bá ti dúró lójú kan, owó kékeré náà á dúró. Ẹ wo Gánà pẹ̀lú. Orúkọ owó wọn, sídì, láti inú ọ̀rọ̀ Akan fún owó ẹyọ ni ó ti wá. Ní oṣù Keje ọdún 2007, wọ́n yọ òdo mẹ́rin kúrò, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sídì àtijọ́ di ẹyọ kan, wọ́n sì gbé owó onírin jáde pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwa náà yóò yọ òdo méjì kúrò lára náírà ní 2008. Ìjọba Ààrẹ Umaru Yar'Adua dá ètò náà dúró. Gánà tẹ̀síwájú, wọ́n tilẹ̀ tún fi sídì méjì onírin kún un ní 2019.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Gánà yóò sọ pé ọ̀wọ́ngógó ṣì jà níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Òótọ́ ni. Zimbabwe náà yọ òdo lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 2006 sí 2009, kò sì gbà wọ́n. Yíyọ òdo kì í ṣe oògùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó onírin dàbí ẹyẹ tí àwọn awakùsà máa ń gbé wọ inú ihò láyé àtijọ́: bí afẹ́fẹ́ bá ti bàjẹ́, òun ni ó kọ́kọ́ ń kú. Tiwa kú tipẹ́, a sì ń rìn lọ nínú ihò.

Ta ni ó ń san gbèsè ikú yìí? Kì í ṣe olówó. Bí ọjà kan bá yẹ ní náírà 130, yóò di 150, nítorí kò sí ṣéńjì. Ẹni tí ó ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù yóò gba súìtì méjì dípò owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi súìtì náà wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sílé. Fún ẹni tí ń ra epo pupa ní ìwọ̀n kékeré lójoojúmọ́, owó kékeré yìí kì í ṣe kékeré.

Wọn á ní tiránsífà ti dé, pé kọ́bọ̀ kò wúlò mọ́. Ó dára. Ẹ ṣí fóònù yín, kí ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2021, fún ọdún mélòó kan, náírà 6.98 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fi fóònù tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ san náírà 10, owó-orí sì sọ ọ́ di 10.75. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kọ́bọ̀ ti kú lójú ọjà, ṣùgbọ́n ó wà láàyè nínú ìwé ìṣirò. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ó san, wọ́n á kà á dé orí kọ́bọ̀ tí ó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a ó gbà, wọ́n á ní kò sí ṣéńjì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kọ́bọ̀ ń rìn ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? N kò ní kí báńkì àpapọ̀ sáré lọ rọ owó onírin tuntun lónìí. Ìnáwó lásán ni yóò jẹ́, bí ti 2007. Kí wọ́n kọ́kọ́ dá iye náírà dúró lójú kan. Nígbà tí owó bébà kò bá tún sá bí yìnyín inú oòrùn mọ́, kí wọ́n wá yọ òdo, kí wọ́n sì gbé owó onírin jáde tí ẹyọ tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ yóò lè gbé ènìyàn láti Ìyànà Ìpájà dé Àyọ̀bọ̀. Òṣùwọ̀n tèmi nìyẹn. Owó onírin tí kò lè san owó ọkọ̀ kì í ṣe owó.

Ohun kejì wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Ẹ má da agolo àwọn ìyá yín nù. Nígbà tí àgbàlagbà bá kú ní Èkó, ohun tí ó ń tẹ̀lé ìsìnkú ni kí wọ́n kó ẹrù yàrá rẹ̀ síta, tọ́rọ̀ àti kọ́bọ̀ oníhò a sì bá pàǹtírí lọ. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè ẹyọ kan wá láti ilé, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ohun tí ó fi í rà rí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní sáà kan yóò ní ìwé ìtàn tí ìjọba kò lè kọ.

Mo sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Ìpolówó pọ̀ lórí Facebook pé wọ́n ń fi mílíọ̀nù náírà ra kọ́bọ̀ àtijọ́. Ẹ ṣọ́ra. Owó onírin tí wọ́n rọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní 1973 kò ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí ń kó o jọ, ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí òun tó wá ra tiyín, ọwọ́ olè ni ó nà sí yín. Ẹ má sì fi yanrìn tàbí ọṣẹ bó o kí ó lè dán. Dídán náà ni yóò ba ìwọ̀nba iye tí ó ní jẹ́.

Màmá kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ó ní kí ọmọ mú èyí tí ó bá wù ú. Ó wo tọ́rọ̀ títí, ó sì fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni Màmá ní. Kọ́bọ̀ márùn-ún ti 1973 ni ó mú, èyí tí ó ní kòkó lára. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sísì lo mú yẹn.” Nígbà tí a délé, ó fi í sínú ọ̀rá àkọ́kọ́ náà. Ní abẹ́ ibi tí ó ti kọ Nàìjíríà, ó fi kún un pé: sísì, láti ọwọ́ Màmá alákàrà, Ìpájà.

Ojú kẹtàlélógún ni ó ń wá báyìí. Ní tèmi, ìbéèrè ìyá yẹn ni kò tíì kúrò létí mi, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ń ṣàkóso owó wa ní Abuja gbọ́ ọ bí ó ṣe sọ ọ́, láìsí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀: ṣé wọ́n tún ti ń gbà á ni?